Ẹ kan èèkàn kí ẹ tó fa okùn: títún ipa ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ṣe lórí fóònù

Ìbéèrè: "Mo máa ń fi áàpù orí fóònù ya ipa ọ̀nà fún àwa mélòó kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́. Èyí tí mo ń múra rẹ̀ báyìí tó kìlómítà 80, ó sì yípo padà síbi tí a ti máa gbéra. Kẹ̀kẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń gùn, síbẹ̀ áàpù náà gbé wa gba ojú ọ̀nà eléruku níbì kan. Mo fẹ́ yí ibẹ̀ nìkan padà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fa ìlà náà, ibòmíràn tó ti dára tẹ́lẹ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń fi àmì kún àmì títí ìlà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí í bọ̀ lójú kan. Nígbà tí mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi, ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń júwe yàtọ̀ sí èyí tí mo yà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹni tó ń ya ọ̀nà fún ẹgbẹ́ ló ru ẹrù gbogbo wọn, torí bí nǹkan bá dàrú ní kìlómítà 50, kò sí ẹni tó máa bi áàpù léèrè. Ẹ̀yin ni gbogbo ojú máa yí sí. Nítorí náà, mi ò ní fi ìdáhùn yìí mọ sórí bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀. Bọ́tìnì yàtọ̀ láti áàpù sí áàpù, àwọn tó ṣe wọ́n sì ń ṣí wọn nípò lóòrèkóòrè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra níbi gbogbo, ì báà ṣe Komoot, Strava, Ride with GPS tàbí OsmAnd ni ẹ ń lò. Bí ìyẹn bá yé yín, ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ á tú pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń ya ọ̀nà, àmì tí ìka yín fi lélẹ̀ ni áàpù ń tọ́jú: ibi ìgbéra, ibi ìparí, àti èyíkéyìí tí ẹ bá fi sáàárín. Ìlà aláwọ̀ tí ẹ ń rí jẹ́ èsì ìṣirò láti àmì kan dé àmì kejì. Ẹ wò ó bí okùn tí a ta mọ́ èèkàn. Ibi tí èèkàn bá wà, okùn gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ láàárín èèkàn méjì, ó lè ṣí síhìn-ín, ó lè ṣí sọ́hùn-ún. Èèkàn nìkan ló wà lọ́wọ́ yín. Okùn wà lọ́wọ́ áàpù.

Bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Nínú máàpù, a ti gé gbogbo ọ̀nà sí ègé-ègé, láti oríta kan dé oríta tó tẹ̀lé e. Áàpù á dá iye kan lé ègé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á wá ọ̀wọ́ ègé tí àpapọ̀ iye rẹ̀ kéré jù lọ láti àmì kan dé èkejì. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló ronú kan ìlànà yìí ní 1956, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Wọ́n ti fi oríṣiríṣi ọgbọ́n kún un láti ìgbà náà kí ó lè yá, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fọkàn sí ni pé jíjìn nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń sáré lórí rẹ̀ lè gba iye tó ga kí áàpù lè yẹra fún un. Ọ̀nà tí wọ́n là fún kẹ̀kẹ́ á gba iye kékeré. Òkè á fi kún iye. Bí ẹ bá yan irú kẹ̀kẹ́ mìíràn, iye gbogbo ègé á yí, ọ̀nà á sì yí tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ yàn nínú áàpù. Ọ̀pọ̀ wọn ya kẹ̀kẹ́ orí títì, kẹ̀kẹ́ ojú òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹ̀kẹ́ orí òkè sọ́tọ̀. Bí tiyín bá wà lórí kẹ̀kẹ́ lásán, kò sí ohun tó sọ fún un pé táyà yín tẹ́ẹ́rẹ́, eruku kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ yàn án kí ẹ tó fi àmì kankan lélẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, gbogbo okùn ni wọ́n máa tún ta.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fa ìlà. Ìfà yẹn kan èèkàn tuntun mọ́lẹ̀. Áàpù á pa ìlà tó wà láti èèkàn tó ṣáájú dé èyí tó tẹ̀lé e rẹ́, á sì ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun. Ká ní àmì mẹ́ta péré ló wà lórí kìlómítà 80 yín: ọ̀kan níbi ìgbéra, ọ̀kan ní kìlómítà 40, ọ̀kan níbi ìparí. Ẹ fa ìlà ní kìlómítà 23. Ohun gbogbo láti 0 dé 40 ti di ìṣirò tuntun nìyẹn. Láti ibi tí ẹ gbé ìlà dé, áàpù lè rí ọ̀nà kan tí iye rẹ̀ kéré ju ọ̀nà dáadáa tí ẹ ti fọwọ́ sí ní kìlómítà 33 lọ, á sì gbà á. Kò sí ohun tó fi hàn án pé ẹ fẹ́ràn ibẹ̀. Ibi tó ń yí mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ kan èèkàn méjì kí ẹ tó fa ohunkóhun. Ká ní eruku bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 21, ó sì parí ní 25. Ẹ lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 20, níbi tí ọ̀nà ṣì dára, kí ẹ fi àmì sórí ìlà gan-an láìfà á kúrò lójú ibi tó wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní 26. Ẹ wo àpapọ̀ kìlómítà tí áàpù ń kọ: bí àmì méjèèjì bá bọ́ síbi tó yẹ, iye náà kò ní yí, tàbí kí ó fi mítà díẹ̀ yí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fa ìlà ní 23 lọ sórí títì tí ẹ fẹ́. Ìyípadà kò lè kọjá àárín èèkàn méjèèjì mọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ má yọ wọ́n. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti palẹ̀ mọ́, kí máàpù lè dán, ṣùgbọ́n àwọn èèkàn yẹn ló di àtúnṣe yín mú. Ẹ yọ wọ́n, áàpù á ní àyè láti ronú lákọ̀tun, ó sì lè padà sínú eruku.

Ibi tí àmì bọ́ sí ṣe pàtàkì ju iye àmì lọ. Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ya ọ̀nà ni pé oríta ni wọ́n máa ń tẹ̀, torí oríta ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ. Kò sí ibi tó léwu tó oríta fún àmì. Ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀, àmì á bọ́ sórí èyí tí ẹ kò fẹ́. Áàpù á wọ inú ọ̀nà yẹn lọ mítà bíi mẹ́wàá, á fọwọ́ kan àmì, á ṣẹ́rí padà, á wá máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Àárín ègé ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà, níbi tó jìnnà sí oríta méjèèjì, ni kí ẹ máa fi àmì sí. Bí àmì bá ti wà níbẹ̀, áàpù gbọdọ̀ wọ ègé náà, kí ó sì kọjá nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fẹ máàpù lójú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, títí ẹ ó fi rí títì náà kedere. Lórí máàpù tí a kò fẹ̀, orí ìka kan lè bo ọ̀nà mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan, ibẹ̀ náà ló ti wá. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka kúkurú kan tó yọ lára ìlà tí kò já síbì kankan, ẹ wo orí rẹ̀: àmì kan wà níbẹ̀ tó ṣì ilẹ̀ bọ́ sí. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé kan, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tàbí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó bá títì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Àfikún àmì kò lè wo èyí sàn. Ẹ yọ àmì tó ṣìnà yẹn, ẹ̀ka náà á bá a lọ. Bí ìlà bá tún yẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí àárín ègé tó tọ́.

Títì oníhà méjì tún ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lórí máàpù, ìlà méjì ni wọ́n máa ń yà á sí, ìhà kọ̀ọ̀kan ní apá ibi tí a gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí àmì yín bá bọ́ sórí ìhà kejì, áàpù á lọ wá ibi tí ó ti lè ṣẹ́rí, á padà wá fọwọ́ kan àmì, á tún lọ wá ibi ìṣẹ́rí mìíràn. Kìlómítà lè gbéra sókè lójijì, nígbà tí ojú lásán kò rí nǹkan kan lórí máàpù, torí ìlà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ máa wo iye kìlómítà lẹ́yìn gbogbo àmì tí ẹ bá fi lélẹ̀. Iye yẹn máa ń tètè fi àṣìṣe hàn ju ojú lọ. Bí ó bá fò, ẹ tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fi àmì márùn-ún mìíràn lé e lórí.

Àmì mélòó ló wá tó? Mi ò ní dá iye kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ibi tí ọ̀nà méjì bá sì ti ń bára wọn du ìlà, tí ọ̀kan wù yín ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kan èèkàn. Níbi tí kò bá sí ju ọ̀nà kan lọ fún kìlómítà 15, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún rántí pé àwọn áàpù kan ya àmì tó kàn ń darí ìlà sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìdúró. Bí ẹ bá fi gbogbo wọn ṣe ibi ìdúró, fóònù á máa kéde pé ẹ ti débì kan ní gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń tán ènìyàn ní sùúrù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ ṣe ẹ̀dà ipa ọ̀nà náà, kí ẹ sì fún un ní orúkọ mìíràn. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ eruku fúnra rẹ̀, torí fífa ìlà kúrò nínú rẹ̀ kò sọ fún yín bóyá eruku mìíràn wà níwájú. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù kẹ̀kẹ́ ń gba ọ̀nà wọn láti inú OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń fínnúfíndọ̀ yà. Wọ́n máa ń kọ irú ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí i lára, wọ́n lè kọ ohun tó wà lójú rẹ̀, àti bóyá kẹ̀kẹ́ láṣẹ láti gbà á. Ọ̀nà oko pàápàá ní ìpele: láti 1, tó le gbagidi, dé 5, tó jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ lásán. Níbi tí ẹni tó yà á bá ti kọ gbogbo èyí, áàpù mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ àìmọye ọ̀nà ló wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ohun tó wà lójú wọn. Áàpù á wá fi irú ọ̀nà méfò: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọ̀nà abúlé sí abúlé ni, ó lè gbà pé ọ̀dà wà lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí eruku tiyín ti inú irú ìméfò bẹ́ẹ̀ wá.

Àwọn áàpù kan máa ń fi àwọ̀ pín ojú ọ̀nà fún yín nísàlẹ̀ máàpù: ọ̀dà báyìí, òkúta wẹ́wẹ́ báyìí, àìmọ̀ báyìí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń wo òkúta wẹ́wẹ́. Èmi, ìpín àìmọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, kí n rí ibi tó wà lórí máàpù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì sórí ibẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà máa ń ní àwọ̀ eérú tó dọ́gba, etí rẹ̀ sì máa ń gún. Ọ̀nà eléruku máa ń pọ́n tàbí kí ó funfun, fífẹ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba, ẹ sì lè rí ipa táyà méjì tí koríko hù sáàárín wọn. Níbi tí àwòrán ojú títì bá wà, bíi ti Google Street View tàbí Mapillary, ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n yà á pẹ̀lú. Ọ̀dà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti di kòtò.

Máàpù tó ń tàn níbi tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń kọjá, irú èyí tí Strava ní, wúlò púpọ̀. Bí ọ̀nà méjì bá sún mọ́ra, tí ọ̀kan ń tàn yòò tí èkejì ṣókùnkùn, àwọn tó mọ àdúgbò náà ti dìbò fún yín. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra: ìmọ́lẹ̀ yẹn kò sọ irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gùn. Ipa inú igbó tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ orí òkè fẹ́ràn lè tàn ju títì lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti àwòrán sátẹ́láìtì gbọdọ̀ fẹnu kò kí n tó gbà.

Bí ẹ bá wá rí i pé máàpù fúnra rẹ̀ ló ṣì, ẹ lè tún un ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é. Áàpù kan wà lórí fóònù Android tó ń jẹ́ StreetComplete. Ó máa ń bi yín ní ìbéèrè kékeré nípa ibi tí ẹ wà, títí kan ohun tó wà lójú ọ̀nà, á sì gbé ìdáhùn yín lọ sínú OpenStreetMap. Kò ní hàn nínú áàpù kẹ̀kẹ́ yín lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀dà máàpù tirẹ̀ ni áàpù kọ̀ọ̀kan ń lò, wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun ní àkókò tiwọn. Ẹni tó máa gba ibẹ̀ lẹ́yìn yín ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Nípa òkè, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú gíga ilẹ̀ tí áàpù ń lò wá láti ibi tí wọ́n ti wọn ilẹ̀ láti òkè. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni SRTM, tí Endeavour, ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú, fi rédà wọ̀n fún ọjọ́ 11 ní oṣù kejì ọdún 2000. Ìwọ̀n kan ló wà fún nǹkan bíi mítà 30 sí 30 ilẹ̀. Kò mọ afárá, kò mọ ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè. Bí ìlà yín bá gba orí afárá, àwòrán gíga lè jìn sínú àfonífojì kí ó tún yọ. Bí ó bá gba inú ihò, ó lè gun orí òkè náà lọ. Ẹ má jẹ́ kí irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Àpapọ̀ mítà ìgòkè náà máa ń yàtọ̀ láti áàpù sí áàpù, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ kántíkàntì kúrò nínú ìwọ̀n náà kò dọ́gba. Nítorí náà, inú áàpù kan ṣoṣo ni kí ẹ ti fi ọ̀nà méjì wéra. Bí òkè kọ̀ọ̀kan ṣe le sí ni kí ẹ wò. Mítà 300 tí a tẹ́ sórí kìlómítà 30 jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ẹsẹ̀ kì í fura sí i. Mítà 300 kan náà lórí kìlómítà 4 jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ yín á ti tú ká.

Ẹ tún máa rí bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ kí ẹ fa ìlà gbọọrọ láìtẹ̀lé ọ̀nà kankan. Ó dára fún ibi tí ọ̀nà wà nílẹ̀ tí kò sí lórí máàpù, fún ìwọ̀n mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹ má fi bo ibi tí áàpù bá ti ń bá yín jiyàn. Bí áàpù bá kọ̀ láti gba ọ̀nà kan, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á, tàbí pé ọ̀nà náà já láàárín. Ẹ wádìí ìdí kí ẹ tó fipá kọjá. Bákan náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ipa ọ̀nà kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ẹ jẹ́ kí áàpù tún un ṣírò, kí ẹ sì tún un wò látòkèdélẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí a gbà lọ nìkan, tí a kò gbọdọ̀ gbà bọ̀, kò ní yí nítorí pé ìlà yí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹ̀rọ tó ń júwe ohun tí ẹ kò yà. Fáìlì GPX ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé ọ̀nà láti fóònù sórí ẹ̀rọ. Ó ti wà láti 2002. Oríṣi nǹkan mẹ́ta ló lè wà nínú rẹ̀: ojú ibi kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní "route," àti èyí tí wọ́n ń pè ní "track." Ìyàtọ̀ àwọn méjì tó kẹ́yìn ló bí ìṣòro yín. "Route" sábà máa ń gbé kìkì èèkàn lọ. Ẹ̀rọ á gbà wọ́n, á sì fi máàpù tirẹ̀ àti iye tirẹ̀ ta okùn tuntun láàárín wọn. "Track" máa ń gbé okùn náà fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn ọ̀pọ̀ ojú ibi tó tò sún mọ́ra, ẹ̀rọ kò sì ní nǹkan tó máa ṣírò. Títẹ̀lé ni tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé fáìlì jáde tí wọ́n sì fún yín ní yíyàn, "track" ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ ibi tí ẹ máa yà sí, fáìlì TCX tàbí FIT lè gbé ìkìlọ̀ oríta dání pẹ̀lú ìlà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì pa àṣẹ tó ń jẹ́ kí ó tún ọ̀nà ṣírò fúnra rẹ̀. Bí àṣẹ yẹn bá wà ní títàn, ẹ ṣìnà díẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á fa ọ̀nà tuntun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Nítorí pé ọ̀nà yín yípo, ó ku ohun kan. Níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá ti gba títì kan náà, ẹ̀rọ míì máa ń rò pé ẹ ti dé òpin kí ẹ tó gbéra, tàbí kí ó máa tọ́ka yín sí apá òdì. Ẹ gbé ibi ìgbéra kọjá apá tí méjèèjì jọ gbà, tàbí kí ẹ gé ipa ọ̀nà náà sí fáìlì méjì ní àárín.

Ní ọjọ́ ìrìn, ẹ ti gba máàpù agbègbè náà sílẹ̀ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Fóònù ń gbọ́ sátẹ́láìtì láìlo dátà. Máàpù ló ń jẹ dátà. Ẹ pa ojú fóònù kí ẹ sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀, torí iná ojú fóònù máa ń tètè jẹ bátìrì. Níta gbangba, fóònù lè mọ ibi tí ẹ wà sí nǹkan bíi mítà 5. Láàárín ilé gíga tàbí lábẹ́ igi ńlá, àṣìṣe náà máa ń pọ̀ sí i. Bí ó bá sọ pé ẹ ti yà kúrò lọ́nà nígbà tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bá títì rìn, ẹ fara balẹ̀ rìn síwájú díẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá ti dí ọ̀nà kan, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo ẹgbẹ́ pátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè padà bọ́ sórí ìlà níwájú, kí ẹ sì lọ síbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ tún ipa ọ̀nà ṣe lójú títì rárá.

Ní ti kìlómítà 80 tó wà lọ́wọ́ yín, bí ó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní tún èyí tó ti lọ́ pọ̀ yẹn ṣe. Mo máa bẹ̀rẹ̀ tuntun: kí n yan kẹ̀kẹ́ orí títì, kí n fi ibi ìgbéra lélẹ̀, kí n wá kan èèkàn sí àárín àwọn títì tí mo mọ̀ pé mo fẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe máa gùn wọ́n, kí n máa wo kìlómítà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yá ju wíwá àmì tó ṣìnà láàárín ọ̀pọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti yẹ ìpín àìmọ̀ wò tán, ẹ fi ọjọ́ sínú orúkọ fáìlì náà, kí ẹ sì fi fáìlì gan-an ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti gba ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ ti tún un ṣe; ẹ sọ fún wọn ní tààràtà pé kí wọ́n pa á rẹ́, nítorí ẹyọ ẹnì kan tó bá di èyí tí eruku wà nínú rẹ̀ mú lè yà kúrò ní kìlómítà 21, kí ẹ̀yin yòókù sì máa wá a kiri.